Àmì Orí Odò

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìrìn rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn tí kò sì fẹ́ jí i. Bó bá fẹ́ wọ yàrá, yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kó tó wá mú ìkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n máa ń tù ú nínú pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù ló ń pẹ́ láyé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Bọ́rọ̀ yẹn bá jẹ́ òótọ́, Jẹ́jẹ́ ò ní í kú láéláé nìyẹn.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan tó wà létí odò ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ọsibítù àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń yí i láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Jẹ́jẹ́ fi lọ aṣọ níbẹ̀, kí ooru tó bẹ̀rẹ̀ sí í há a láyà. Ìgbà náà ni wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, síbi àwọn kòtò.

Kòtò mẹ́ta ni. Omi ọṣẹ tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde kì í lọ sódò tààrà. Inú kòtò kìíní ni yóò kọ́kọ́ sùn, kí ìfófòó lè kú, kí ìdọ̀tí lè rì. Lọ́jọ́ kejì yóò ṣàn bọ́ sínú kòtò kejì. Lọ́jọ́ kẹta yóò bọ́ sínú ẹ̀kẹta, èyí tí koríko etí omi hù yí ká, yóò sì tòrò níbẹ̀. Sísinmi ni wọ́n ń pe èyí. Omi tó ti sinmi lè lọ sódò. Èyí tí kò sinmi, kò gbọ́dọ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣí ẹnu kòtò, òun ló ń tì í, òun náà ló ń kọ ìwé.

Ìwé àwọn aláṣẹ omi ni ìwé náà. Lójoojúmọ́, yóò kọ ọjọ́, yóò kọ iye àgbá omi tó sùn, àti iye tó tòrò. Ìlà ìkẹyìn ni wọ́n kọ ìbéèrè sí pé: "Omi tí kò sinmi tó jáde." Àwọn aláṣẹ ti sọ pé lẹ́tà ni kí wọ́n fi kọ ìdáhùn, kì í ṣe nọ́ńbà, torí pé àwọn kan níbòmíràn ń fi bírò sọ nọ́ńbà kan di òmíràn. Nítorí náà, láràárọ̀, ohun tí Jẹ́jẹ́ ń kọ síbẹ̀ ni odo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ ọ́, lórí ṣíṣí, láìdé e ní fìlà kankan. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nílé ìfọṣọ. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń lọ aṣọ, máa ń sọ pé, "Àmì orí ọ̀rọ̀, iyọ̀ orí ẹyin ni. Ẹni tó bá ráyè ló ń wọ́n ọn."

Jẹ́jẹ́ ò sì kàwé púpọ̀. Kò ju kíláàsì kẹta lọ. Ohun tó rántí níbẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó rántí tíṣà kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì gbá bọ́ọ̀dù, tí ogójì ọmọ á sì máa kọrin tẹ̀ lé e: "Dò-re, òdo, kò sí nǹkan kan. Re-dò, odò, omi ń ṣàn lọ. Re-mí, odó, ẹ bá mi gún un." Orin yìí ò fi í sílẹ̀ rí. Bó bá ń ṣa aṣọ, á máa kùn ún sínú.

Nílé, òun àti bàbá rẹ̀ ló kù. Bàbá náà ló fi ogójì ọdún tu ọkọ̀ lórí odò yìí kí wọ́n tó ṣe afárá, Atukọ̀ sì ni wọ́n ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ti hù nínú ọkọ̀ náà lẹ́yìnkùlé. Ọdún kẹfà rèé tí ojú rẹ̀ ti lọ. Àmọ́ láràárọ̀, kí Jẹ́jẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, yóò di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn yóò sọ àtẹ̀gùn mọ́kànlá kalẹ̀ lọ sétí omi. Atukọ̀ á lóṣòó sórí èyí tó kẹ́yìn. Á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, á dá a dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ara gbígbóná ọmọdé wò.

"Ó tutù ju tàná lọ," á ní. "Òjò ti rọ̀ lókè." Tàbí, "Iyanrìn wà nínú ẹ̀. Wọ́n ń walẹ̀ níbì kan. Kí lojú rí?"

Jẹ́jẹ́ á wò ó. "Ó pọ́n díẹ̀, Bàbá."

"Ṣé o rí i?"

Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ yóò bá a ka lékèélékèé tó bà sí òdìkejì, bàbá náà á sì máa fi etí ka ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n bá parí, bàbá á bọ́jú níbẹ̀, á na ọwọ́ sí Jẹ́jẹ́ pé kó fa òun dìde. "Ọwọ́ bàbá, ojú ọmọ," á ní. "Odindi èèyàn kan nìyẹn."

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí títí òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan fi kó aṣọ tirẹ̀ dé. Aṣọ pọ̀ ju agbára kòtò lọ. Kòtò ń kún kí omi tó ráyè sùn. Ni mánéjà bá gbé rọ́bà dúdú gígùn kan wá. Ó ki ẹnu rẹ̀ kan bọ kòtò kìíní, ó fi tapólì bò ó, ó mú un gba abẹ́ koríko, ó sì tú ẹnu kejì sínú odò. Ó wá pe Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kéré sí Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ orí, kì í sì í rí i fín.

"Màmá, fún ìgbà díẹ̀ ni o."

"Ìwé ńkọ́, sà?"

"Ẹ kọ òdo sí i, bẹ́ẹ ṣe ń kọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ibòmíràn. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ò sí níta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu.

Lọ́jọ́ kẹta, òun àti bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò bí wọ́n ti ń ṣe. Atukọ̀ ki ọwọ́ bọ omi. Ó yọ ọ́. Ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Omi yìí ń yọ̀."

"Ó ń yọ̀ kẹ̀?"

"Bí ara ẹja. Bí ìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ ra á lára. Kí lojú rí?"

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ìfófòó funfun lẹ̀ mọ́ ìdí koríko, òmíràn ń ṣàn lọ ní méjì-méjì bí òwú. Ẹja kékeré kan yí ikùn sókè níbi àtẹ̀gùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àfi òun àti bàbá tí kò ríran. Ẹ̀rù ṣì bà á.

"Ó mọ́, Bàbá."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́ kedere."

Bàbá náà fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Nígbà náà," ó ní, "ọwọ́ mi ló ń kú."

Ó fẹ́ bomi bọ́jú, Jẹ́jẹ́ sì yára dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ bọ́jú nílé, omi kànga ti wà nínú bàsíà. Irọ́ kejì nìyẹn. Irọ́ kì í dá rìn.

Láti ọjọ́ náà ni Atukọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Á fọwọ́ pa ilẹ̀kùn. Á fọwọ́ pa ife, á fọwọ́ pa ọ̀pá tó fi ń rìn. Ní ọjọ́ kan, ó fọwọ́ pa Jẹ́jẹ́ lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "O ti rù," ó ní. "Wò ó, mo mọ èyí. Mo mọ igi, mo mọ ife, mo mọ ọmọ mi. Omi nìkan ni ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni mo fi ṣe é?"

Jẹ́jẹ́ ń bu oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí ṣíbí máa dún.

Oṣù mẹ́ta kọjá báyẹn. Lékèélékèé kò bà sí òdìkejì mọ́. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, sọ pé omi táwọn ń pọn ti ní ìtọ́wò ọṣẹ, pé bóun bá mu ún tán, ó ń ṣe òun bíi kóun na ara òun sórí okùn. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi kòtò, ó jókòó ti tapólì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Bàbá kò dìde.

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Kí ni n ó lọ ṣe létí omi? Ojú ti lọ, ọwọ́ ti tẹ̀ lé e. Ó ku etí, èmi ò sì gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ kan mọ́ láti bí oṣù kan. Àfàìmọ̀ kí etí náà má ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́."

Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ itan, bí ìgbà téèyàn fi ohun tó ń tini lójú pamọ́ fún àlejò.

Jẹ́jẹ́ rìn lọ síbi iṣẹ́, kò mọ ọ̀nà tó gbà. Ọjọ́ orí ló gba ojú bàbá òun, ìyẹn ò lẹ́jọ́. Ta ló wá ń gba ọwọ́ rẹ̀? Ó mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ni.

Ó ṣí ìwé. Ó kọ ọjọ́, ó kọ àgbá tó sùn. Ó dé ìlà ìkẹyìn, ó kọ odo. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Ó fẹ́ kọ òótọ́, àmọ́ kò mọ iye àgbá tí rọ́bà náà ń tú dànù, bó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ò ní í lè kọ ọ́. Ohun tọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe kò ju kékeré lọ. Ó fa ìlà tín-ínrín kan sórí o tó kẹ́yìn, ìlà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Odò.

Ó pa ìwé dé wàì.

Mánéjà fọwọ́ sí i láìwò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi ìlà náà sí i. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. Lálaalẹ́, bó bá ti dùbúlẹ̀, á gbàdúrà pé kí ẹnì kan rí i. Bó bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ọlọ́run nìkan ló mọ èyí tó máa gbọ́ nínú méjèèjì.

Ó di ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ náà ni aláyẹ̀wò omi dé. Ọmọbìnrin kan ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó wọ bàtà rọ́bà gígùn, ó gbé àpò tí ìgò òfìfo kún inú rẹ̀. Ó jókòó sí ọ́fíìsì mánéjà, ó ń fìka tọ ìwé. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń to táwẹ̀lì sórí pẹpẹ níbẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn tó ń to táwẹ̀lì kan náà.

Ìka náà dúró.

"Òdo yìí," ni aláyẹ̀wò wí, "ó ní àmì lórí."

Mánéjà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Eṣinṣin ni. Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ yẹn, eṣinṣin pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń yàgbẹ́ sára ìwé."

Ọmọbìnrin náà ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. "Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, sà? Orí o kan náà ló ń yà á sí. Eṣinṣin yẹn lọ síléèwé o."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù fi táwẹ̀lì dínu.

"Màmá tó ń kọ ọ́ kò ju kíláàsì kẹta lọ," ni mánéjà wí. Ohùn rẹ̀ ti ń gbẹ. "Kò mọ àmì. Ó kàn ń fi bírò ṣeré ni. Òdo ló wà níbẹ̀."

Aláyẹ̀wò yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi kà á."

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà. Inú ìwé, èèyàn lè sá pamọ́. Èèyàn lè kọ odo lórí ṣíṣí fún ogún ọdún, kẹ́ni tó bá fẹ́ kà á bó ṣe wù ú. Àmọ́ ẹnu ò níbi ìsápamọ́sí. Bó bá ti la ẹnu báyìí, ohùn á lọ sókè tàbí á lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan ni yóò jẹ́. Ó wo ojú mánéjà, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà pẹ̀lú, èyí sì yà á lẹ́nu. Ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lábẹ́ itan.

Orin ló kọ́kọ́ jáde, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọ kíláàsì kẹta.

"Re-dò," ó ní. "Odò."

Ẹ̀rọ ń yí nínú yàrá kejì.

"Omi tí kò sinmi tó jáde," ni aláyẹ̀wò kà, díẹ̀díẹ̀. "Odò. Àgbá mélòó ni, Ìyá mi?"

"Mi ò mọ iye ẹ̀. Ibi tó lọ ni mo mọ̀."

Jẹ́jẹ́ bọ́ síwájú, ó mú aláyẹ̀wò lọ síbi tapólì. Òun fúnra rẹ̀ ló ká a kúrò. Rọ́bà náà ń gbọ̀n nílẹ̀ bí ohun tó ní ẹ̀mí. Ọmọbìnrin náà bu omi sínú ìgò mẹ́rin, kò tilẹ̀ bínú, ó kàn ń kọ̀wé. Ó ní kí wọ́n gé rọ́bà náà lójú òun, kí wọ́n dá ẹ̀rọ mẹ́ta dúró títí wọn yóò fi gbẹ́ kòtò tó máa tó aṣọ wọn. Mánéjà fa Jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ ti pa mí."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rù yín bà mí, sà. Ó ṣì ń bà mí."

"Ẹ máa lọ sílé," ó ní. "Bí mo bá fẹ́ rí yín, n ó ránṣẹ́."

Ọ̀sán ni nígbà tó délé. Atukọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́. Ọmọ mi kì í fẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyẹn."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ẹ̀: rọ́bà, ìfófòó, ẹja tó yí ikùn sókè, ìwé, àmì. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń dúró, tó ń wo ojú bàbá, tó tún ń bá a lọ.

"Ẹ bú mi, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá ọwọ́ mi jà." Ó mú ọwọ́ ọ̀tún náà jáde lábẹ́ itan, ó fi ti òsì pa á lórí, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti ń rẹ ọmọ tí wọ́n nà láìṣẹ̀. "Òótọ́ lò ń sọ fún mi. Mo ń pè ọ́ lópùrọ́. Má bínú."

Ọwọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wá orí Jẹ́jẹ́ kàn, ó gbé ọwọ́ náà lé e. "Ó dùn mí o. Mi ò ní í sọ pé kò dùn mí. Ta ló dẹ́rù bà ọ́ tó báyìí?"

"Gbogbo èèyàn, Bàbá."

"Gbogbo èèyàn kẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín nímú. "Wọ́n pọ̀ o. O sì dá kojú wọn lónìí. Dìde, orúnkún rẹ kì í ṣe tọmọdé."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Jẹ́jẹ́ fi jókòó sílé. Ó ń wo ojú ọ̀nà, àyà rẹ̀ ń já bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló kanlẹ̀kùn. Ó ní aláyẹ̀wò tún wá wo kòtò tuntun, ó sì bi mánéjà léèrè pé ọwọ́ ta ló ń kọ ìwé báyìí, òun ò mọ ọwọ́ yìí, òun ò lè fọkàn tán an.

"Ni mánéjà bá ní kí n wá pè ọ́. Ojú rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n lọ láìtíì gbẹ. Ọjọ́ Ajé ni kó o wá. Kí o mú àmì rẹ dání o. Èmi náà ti ń fi sórí tèmi. Àná ni mo kọ orúkọ mi, mo fi àmì mẹ́fà sí i, ó dà bí orí tí ẹyẹ bà lé."

Lọ́jọ́ Ajé náà, kó tó lọ, Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá dìde. Wọ́n sọ àtẹ̀gùn mọ́kànlá kalẹ̀. Atukọ̀ lóṣòó, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó dá a dúró síbẹ̀. Ó pẹ́.

"Kí lojú rí?" ó ní.

Jẹ́jẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló wo omi. "Ó ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí òkúta ìsàlẹ̀. Lékèélékèé kan ti padà wá, ẹyọ kan péré. Àmọ́ ìfófòó ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbí, Bàbá. Kò tíì lọ tán."

"Mo mọ̀," ni Atukọ̀ wí. "Ọwọ́ ti sọ fún mi."

Wọn ò tíì dìde nígbà tí nǹkan kan dún nínú koríko, kẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn méjèèjì tẹ́tí. Ó tún dún.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ni."

"Ọ̀kan ni," ni bàbá náà wí, ó sì na ọwọ́ tútù náà sí i pé kó fa òun dìde. "Etí ṣì wà nílé."